Ibà Ni Wọ́n Ní Kí N Máa Pè É

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe ọ́, tí o sì ká ìwé oògùn náà pọ̀ sínú àpò kí ará ilé rẹ má baà rí i, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Bí o bá ń wá ẹni tí yóò sọ pé kí o máa rẹ́rìn-ín, kí o máa dúpẹ́, kí o wo àwọn tí wọn ò rí oúnjẹ jẹ, wàá rí wọn rẹpẹtẹ ládùúgbò rẹ. Èmi kọ́.

Yétúndé lorúkọ mi. Tísà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́. Èmi ni àkọ́bí àwọn òbí mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, mi ò tíì lọ́kọ, ilé bàbá mi ni mo sì ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo tètè sọ ti ọkọ yìí nítorí pé òun ni gbogbo ẹni tó gbọ́ pé ara mi ò yá kọ́kọ́ ń sọ. Wọ́n ní àìlọ́kọ ló ń dà mí láàmú. Ó ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé àwọn obìnrin tó lọ́kọ tí mo padà bá nílé ìwòsàn, kí ló ń dààmú tiwọn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ àìsàn rárá. Oorun ni mi ò rí sùn mọ́. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Iyán tí mo lè torí rẹ̀ bá ènìyàn jà tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹni ń jẹ òwú. Omi ìwẹ̀ á wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá jókòó tì í lórí àpótí, màá máa wò ó títí omi á fi tutù, màá sì dìde láìwẹ̀. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́ bí inú ẹni tí nǹkan ṣe ṣe ń bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe mí. Èyí gan-an ni ò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wá hàn sí gbogbo ayé. Mo wọ kíláàsì, àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí mi lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń kí tísà. Èmi ló yẹ kí n dáhùn, kí n sì ní kí wọ́n jókòó. Ohùn ò jáde. Mo dúró níwájú wọn, àwọn náà dúró níwájú mi. Ọmọ kì í jókòó bí tísà kò bá tíì ní kó jókòó, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ wọn. Àwọn kan kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín tán, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Kí tísà kíláàsì kejì tó yọjú wò wá, omijé ti bo ojú mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ọ̀gá wa ní kí n lọ sinmi nílé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òbí kan ti wá sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ kí tísà yẹn kọ́ ọmọ òun mọ́.

Màmá mi ní ibà ni. Wọ́n mú mi lọ sí kẹ́mísì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Nígbà tí kò gbọ́, wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ti dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fa omi sí mi lára. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé àgbo wá, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ló gun orí. Mo mu ún. Mo mu gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún mi, nítorí pé àtijiyàn gba agbára, èmi ò sì ní agbára kankan lára. Owó oṣù mi ló ń bá gbogbo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí gan-an.

Lẹ́yìn àgbo ló kan ilé àdúrà. Mo fẹ́ kí o gbọ́ mi yé o. Kristẹni ni mí títí di òní, mò ń gbàdúrà, n kò sì bá àdúrà jà. Ẹni tí kò lè jẹun láti bí oṣù kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ló bà lé mi, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tó ṣílẹ̀kùn fún un. Wòlíì wọn bi mí níwájú màmá mi pé oyún mélòó ni mo ti ṣẹ́. Màmá mi wolẹ̀, wọ́n ń retí ìdáhùn mi bí ẹni pé ìbéèrè tó dára ni. Mo ti dárí ji púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ti wòlíì yẹn ṣe.

Nígbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí n jí. Mo kọ ọ́ kedere síbí nítorí pé bí ìwọ náà bá ń gba irú àdúrà yẹn, ó ti kọjá ẹrù tí ènìyàn ń dá gbé. Sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó sì mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Àbúrò mi obìnrin, Títí, ni èmi sọ fún. Kò pariwo, kò wàásù. Ó jókòó tì mí di àárọ̀, lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn òbí wa, ó ní òun ń mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Dámọ́lá, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Títí, ti sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì ń múra láti wá ṣe ìwádìí. O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó tọrọ ọmọ, wọn á kọ́kọ́ rán ènìyàn wá sí àdúgbò láti bá wọn wo ilé tí ọmọ náà ti wá. Ẹni tí wọ́n rán lè lọ ran bùbá lọ́dọ̀ télọ̀ ìtòsí kó fi yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́, ó sì lè jókòó ti àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Ṣé olè ò sí nílé wọn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn? Ṣé wèrè ò sí ní ìdílé wọn? Bí ẹnikẹ́ni bá kàn mi orí sí ìkẹyìn yìí, ó parí.

Màmá mi pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ulé yìí ń lọ sí ọsibítù wèrè, ta ni yóò fẹ́ àbúrò rẹ? Bí o bá máa lọ, kì í ṣe Àkúrẹ́ níbí. Oǹdó ni wàá lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Bí wọ́n bá sì bi ọ́, ibà ni. Ibà ni kí o máa pè é."

Bàbá mi jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ló máa ń ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, ohùn wọn sì ń dún dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí pamọ́ sí Oǹdó, sí ilé àbúrò bàbá mi tí a ń pè ní Àǹtí Bọ́lá. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò pé mo wá kàwé fún ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, bí àlejò bá sì ti wọlé, Àǹtí á kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Yétúndé, jókòó s'ulí o, má jáde." Mo jókòó sí ilé wọn lóòótọ́. Inú ò bí mi sí i nígbà náà, nítorí pé ẹni tó wà nínú àìsàn yìí kì í lágbára ìbínú. Ìbínú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí ara mi ń yá ni. Bí o bá rí i pé inú ti ń bí ọ díẹ̀díẹ̀, má bẹ̀rù. Ẹ̀mí rẹ ló ń padà bọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo lọ. Màmá mi fúnra wọn ló tẹ̀ lé mi lọ gba káàdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi gbà á: Ṣadé Akíntúndé. Wọ́n ní ọgbọ́n ni. Wọ́n fi mí sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ níta kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn.

Ìwọ jẹ́ Yorùbá, o mọ̀ pé a kì í bá ènìyàn níbi tó jókòó sí ká má kí i. Bí a ò mọ̀ ọ́n rí, a ó ṣáà ní ẹ kú ìjókòó. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sí ẹni tó kí ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin fa gèlè bo iwájú orí, àwọn ọkùnrin kọjú sí ògiri. Bí ẹni tuntun bá wọlé, gbogbo wa á wolẹ̀. Bí ó ṣe dun èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìkíni lójoojúmọ́ tó, mi ò lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì jáde, ó pe Ṣadé Akíntúndé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é, mo wo ọ̀tún wo òsì pé ta ni Ṣadé tí kò gbọ́ràn yìí. Ó pe ẹlòmíràn, Mercy Adébáyọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Inú bí nọ́ọ̀sì, ó ní gbogbo ẹni tí òun bá pè tí kò jẹ́, ẹ̀yìn pátápátá ló máa bọ́ sí. Ìgbà tó wọlé tán ni ìyá tó jókòó tì mí rọra yí orí sí mi, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi, àbí ìwọ ni Ṣadé?"

Mo wò wọ́n, mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́ mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Mercy?"

Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tèmi náà ń mì. A rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó kọjú sí ògiri yíjú padà wò wá. Mi ò rẹ́rìn-ín láti ìgbà pípẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn. Wọ́n dá àwa méjèèjì padà sí ẹ̀yìn ìlà nítorí orúkọ tí kì í ṣe tiwa, a sì jọ jókòó níbẹ̀ di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Màmá Mercy, àwọn náà ń pè mí ní Ṣadé, a ò sì bi ara wa ní orúkọ tòótọ́. A kò tíì mọ ara wa tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà tó rí mi bi mí bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jẹun, bóyá ó ń ṣe mí bíi kí n má sí láyé. Ó dúró gbọ́ ìdáhùn mi. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè, ó sì ní oògùn. Ó kìlọ̀ pé oògùn náà kì í tètè ṣiṣẹ́, pé ẹnu mi lè máa gbẹ, oorun sì lè máa kùn mí, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi. Bí ó ṣe wí náà ló rí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ òórùn dòdò láti ilé ìdáná Àǹtí, ó sì wù mí jẹ.

Ẹni kẹta wa ni Gbénga, dírẹ́bà tó ń gbé èrò láti Ìgbàrà-Òkè wá sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí èrò bá gbọ́, wọn ò ní wọ ọkọ̀ òun mọ́. Ó ní òun kọ́kọ́ lọ gba ìtọ́jú ní Àkúrẹ́, àwọn ará Oǹdó ló sì kún ibẹ̀, tí wọ́n ń sá fún ará Oǹdó. Àwa ará Àkúrẹ́ náà kún Oǹdó. Ó ní bí gbogbo wa bá bọ́lẹ̀ ní Òwènà, láàárín ìlú méjèèjì, lọ́jọ́ kan, a ó kàn máa kí ara wa ni. Bí a bá ti rí dókítà tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó síbi ìbòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, a ó jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ, ẹni tí kò bá fẹ́ á jẹun. Oògùn gbé mi dìde, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n jíjókòó yẹn ni kò jẹ́ kí n padà ṣubú, ìgbà tí wọ́n sì gba oògùn lọ́wọ́ mi ni mo mọ̀.

Màmá mi wá wò mí. Wọ́n bá mi nílé ìdáná tí mò ń gún ata, inú wọn dùn, wọ́n dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n kó oògùn mi, wọ́n lọ dà á sí ṣáláńgá. Wọ́n ní ara mi ti yá, pé oògùn wèrè a máa sọ ẹni tí kì í ṣe wèrè di wèrè. Wọ́n ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Títí ti ń sún mọ́lé, àwọn ò fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára ẹrù mi. Wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn.

Kò pẹ́ tí mo fi padà sórí ibùsùn. Omi tún ń tutù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mi ò lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì pa fóònù mi. Àǹtí Bọ́lá pe Àkúrẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa gbàdúrà sí i.

Màmá Mercy ni kò gbà. Wọ́n wá mi títí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n rántí pé mo ti sọ àdúgbò tí mò ń gbé àti irọ́ ìdánwò náà fún wọn rí, wọ́n sì ní kí Gbénga wa àwọn kiri. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń béèrè ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kàwé fún ìdánwò. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà pé ta ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́. Mo gbọ́ èsì náà láti orí ibùsùn: "Ọsibítù la ti mọ ara wa. Aláìsàn bíi tiẹ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí. Àǹtí yà lójú ọ̀nà. Ìyá yẹn gbé omi kaná, wọ́n wẹ̀ mí bí ẹni wẹ ọmọ tuntun, wọn ò bá mi wí, wọn ò bi mí léèrè. Wọ́n wọ aṣọ fún mi, Gbénga sì gbé wa lọ bá dókítà.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni Màmá Mercy ní kí n má retí àwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ àwọn fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Àkúrẹ́. Opó ni wọ́n, àwọn àbúrò ọkọ wọn ló ń ṣètò gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé oògùn wọn dé ìtòsí ilé àna. Wọ́n ní ìdílé alàgbà ni, wọ́n ti ṣèwádìí wọn, ilé tó mọ́ tónítóní ni, ìyá ìyàwó sì le bí ojú ẹja. Wọ́n ní ẹ̀rù ìyá náà ń ba àwọn.

Mo béèrè orúkọ ọmọkùnrin náà. Wọ́n ní Dámọ́lá. Mo béèrè orúkọ ìyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Títílayọ̀.

Mo ní, "Mà, àbúrò mi ni. Èmi ni àkọ́bí ilé tó mọ́ tónítóní náà."

Wọ́n kọ́kọ́ dì mọ́ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà a rẹ́rìn-ín, Gbénga ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí pé òun náà ò lè wakọ̀ mọ́. Ibẹ̀ náà ni ìbínú ti gbé mi. Ẹbí méjì ń na owó, wọ́n ń parọ́, wọ́n ń da oògùn nù, kí wọ́n lè fi ohun kan náà pamọ́ fún ara wọn. Èmi àti ìyá yìí la sì ń fi ara san án.

Màmá Mercy gbà kí n sọ fún Títí. Títí bi Dámọ́lá, Dámọ́lá jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa màmá òun, Títí náà jẹ́wọ́ tèmi. Àwọn méjèèjì ní àwọn ṣì ń fẹ́ ara àwọn. Títí wá lọ sọ fún àwọn òbí wa, ó rò pé ọkàn wọn á balẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wálé kíá.

Mo bá màmá mi tí wọ́n dúró ní pálọ̀, wọn ò lè jókòó. Wọ́n ní ìgbéyàwó ò lè ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n ní, "Wèrè wà ní ìdílé wọn. Ṣé mo máa fi ojú mi méjèèjì mú ọmọ mi fún ulé wèrè ni?"

Mo ní, "Màmá, èmi ńkọ́?"

"Tìrẹ yàtọ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, láìronú. "Ibà ló ṣe ìwọ."

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń díbọ́n. Wọn ò díbọ́n. Wọ́n ti pè é ní ibà títí ó fi di ibà lójú ara wọn. Mo pariwo, èmi tí ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Mo ní obìnrin tí wọ́n ń pè ní wèrè yẹn ló wẹ̀ mí nígbà tí àwọn da oògùn mi sí ṣáláńgá. Mo ní bí òun bá jẹ́ wèrè, wèrè ni mí, kí wọ́n lọ sọ fún télọ̀. Bàbá mi ló dá sí i níkẹyìn. Wọ́n ní, "Ìyá Yétúndé, ó tó gẹ́ẹ́." Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i sọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Títí kọ̀ láti jáde sí pálọ̀ àfi bí mo bá ti jókòó síbẹ̀. Mo jókòó. Ẹbí Dámọ́lá dé, Màmá Mercy wà láàárín wọn, wọn ò gbójú sókè. Bàbá mi ń fi wá hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Èyí ni àkọ́bí wa, Yétúndé. Ó ṣàìsàn, ara rẹ̀ ti ń yá." Màmá mi yára fi kún un pé ibà ni, pé ó ti lọ.

Ìyá ọkọ kì í sọ̀rọ̀ ní irú àpéjọ yẹn, àgbà tí wọ́n bá mú wá ló ń gbẹnu sọ fún wọn. Màmá Mercy dìde. Àbúrò ọkọ wọn fa ìró wọn pé kí wọ́n jókòó, wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àna mi, kì í ṣe ibà. Èmi àti ọmọ yín jọ ń lọ sí ọsibítù kan náà ni, a jọ ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Dúpẹ́ ni orúkọ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ Mercy."

Àgbàlagbà kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wọn ní ṣé ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, a sì bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Òrùlé ò já. Ìgbéyàwó wáyé, Títí ti bímọ. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ kí n kú sí yàrá ẹ̀yìn kò ju ìwúkọ́ baba kan lọ.

Mi ò ní tàn ọ́ o, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gba yàrá tèmi ní Àkúrẹ́, mo sì ń lo oògùn mi láràárọ̀. Mo lọ bá wọn ṣàtúnṣe orúkọ lórí káàdì mi. Àìsàn náà ti gbìyànjú láti padà wá, pàápàá nígbà òjò. Bí mo bá ti rí i pé omi ń tutù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo máa ń pe Màmá Dúpẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Dúpẹ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ike àti abọ́. A ti pọ̀ ju mẹ́ta lọ. Gbénga ń gbé àwọn kan wá láti Ìgbàrà-Òkè. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ ni wàá jẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ fún ọ pé àwọn kan wà tí tiwọn le ju tìrẹ lọ. A kì í gba oògùn ara wa lò, a kì í sì bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó dá tirẹ̀ dúró. Bí o bá pa ọjọ́ jẹ láìsọ, a ó wá ọ wá sílé, bí àwọn ará ilé rẹ fẹ́, bí wọ́n kọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, màmá mi ló wá kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n mú ọmọ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn dání, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí kò sọ̀rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó, pé ìyá rẹ̀ ò lè wá. Àwọn náà ò ní wọlé, wọ́n á dúró de wa ní ìsàlẹ̀ òpópónà, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n má baà kọjá.

Mo ní rárá. Mo ní ẹni tó bá mú ọmọ wá síbí gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Mo fa àga méjì síta, kì í ṣe sí ẹ̀yìn ike, sí iwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wọn. Wọ́n wo òpópónà, wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n fa ìró wọn mọ́ra, wọ́n jókòó. Inú ṣì ń bí mi sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.